Pákó Kan, Ẹni Méjì: Àyẹ̀wò Pákó Ìgbì láti CMS dé Tarkwa Bay

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí ìyókù ọ̀rọ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ lórí orúkọ àwọn àdúgbò Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹ forí jì mí, ìyẹn ń bọ̀ lọ́nà. Ohun mìíràn ni ó gba ọkàn mi láti oṣù Kejì ọdún yìí. Ohun náà dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn mi bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ó ga jù mí lọ, ó funfun báláú, kò sì sí àlejò tí ó wọlé tí kì í bèèrè ohun tí í ṣe.

Pákó ìgbì ni. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń lò ó ń pè é ní bọ́ọ̀dù, wọ́n sì ń pe eré náà ní sọ́ọ̀fù. Ènìyàn yóò dùbúlẹ̀ lé e lórí omi òkun, yóò máa fi ọwọ́ méjèèjì tu omi títí ìgbì yóò fi dé ẹ̀yìn rẹ̀, yóò sì fò dìde dúró lórí pákó náà kí ìgbì máa gbé e lọ sí etí òkun. Mo ti ronú gidigidi lórí ohun tí ó yẹ kí a máa pè é. "Pátákó" ni ó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n pátákó ni ti olùkọ́ àti ti ìpolówó ọjà, ara ògiri ni a máa ń gbé e kọ́. Pákó lásán ni àwọn ọmọ etí omi fi ń ṣeré kí fóòmù tó dé. Ní ti ìṣe náà, a kì í wa ìgbì bí a ti ń wa mọ́tò, a kì í sì í wọ̀ ọ́ bí a ti ń wọ ọkọ̀. Gígùn ni a ń gùn ún, bí ẹṣin, nítorí pé ó ní orí tirẹ̀, ó sì lè da ènìyàn nù nígbà tí ó bá wù ú. Nítorí náà, gígun ìgbì. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ọ̀rọ̀ tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú mi yóò dùn láti gbọ́ ọ. Àwọn kan ń sọ pé eré àwọn ajẹbọ́tà ni. Ẹ wò ó, orúkọ rẹ̀ gan-an ni pákó!

Òyìnbó kan tí iṣẹ́ rẹ̀ parí ní Èkó, tí ó ń padà sí ìlú rẹ̀, ni a ti rà á. ₦180,000 ni ó pè é. Ó ní pákó yìí kì í ṣe ojúsàájú: ẹni tí ó mọ̀ ọ́n díẹ̀ lè gùn ún, ọ̀gá pàápàá lè gùn ún, ìgbì kékeré ni o, ìgbì ńlá ni o, kò sí èyí tí kò lè bá pàdé. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó mú mi. Èmi mú ₦120,000 wá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni ọdún mọ́kàndínlógún, mú ₦60,000 wá, owó tí ó tù jọ díẹ̀díẹ̀ láti inú iṣẹ́ tí ó ń ṣe ní ìsọ̀ aláṣọ kan ní Balógun. Èmi ni mo rọ̀ ọ́. Ó ti fẹ́ mú sùúrù de pákó kúkúrú, irú èyí tí àwọn ọ̀gá ń lò. Mo ní kí a jọ ra ti òyìnbó yìí, mo sì ṣèlérí pé bí kò bá bá a lára mu, n ó dá owó rẹ̀ padà láìku kọ́bọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, àyẹ̀wò tí mo ń ṣe yìí kì í ṣe ti olówó tí ń fi nǹkan dápàárá. Bí mo bá sọ òtítọ́, ó lè ná mi ní ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún náírà.

Ìdí mìíràn sì wà tí a fi ra ẹyọ kan. Ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ dé etí òkun rárá. Ọdún méjì gbáko ni ọmọ náà fi ń lọ tí ń bọ̀ kí ìyá rẹ̀ tó mọ̀. Ọjọ́ tí àṣírí tú, èmi ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ṣàlàyé, mo ní n ó máa bá a lọ. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí títí, wọ́n ní, "Ó dáa. Ìwọ lo gbé e lọ, ìwọ lo máa gbé e bọ̀ fún mi. Tí ọ̀kan nínú yín bá wà nínú omi, kí ẹnì kejì dúró sórí ilẹ̀." Pákó kan ṣoṣo sì mú òfin yìí rọrùn láti pa mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí àwa méjèèjì jẹ́, nítorí pé kò sí bí a ti lè ṣe àyẹ̀wò pákó láìsọ ẹni tí yóò gùn ún. Ẹ ronú sí ilé aránṣọ. Ọmọ iṣẹ́ tuntun wà níbẹ̀ tí ń gbá ilẹ̀ tí ń ki abẹ́rẹ́ bọ okùn. Ẹnìkan wà tí ó ti lè rán bùbá àti ṣòkòtò, ṣùgbọ́n tí ọ̀gá kò tíì lè fi agbádá oníbàárà sílẹ̀ fún. Ẹnìkan sì wà tí ó ti gba fúrídọ̀mù. Èmi ni ti bùbá àti ṣòkòtò. Mo ti rékọjá ogójì ọdún kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo lè mú ìgbì fúnra mi, mo lè dìde, mo lè yà sí apá ọ̀tún tàbí apá òsì, ṣùgbọ́n bí ìgbì bá ga kọjá àyà mi, ẹsẹ̀ mi máa ń gbọ̀n. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti gba fúrídọ̀mù ní tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó gbàdúrà lé e lórí tàbí tí ó pín jọ̀lọ́ọ̀fù.

Láti Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn dé CMS, nítorí pé dánfó kò gba pákó náà, kẹ̀kẹ́ kò sì gbà á. A ó gba Ìdúmọ̀tà, a ó já sí Bíróòdù, a ó gba ẹ̀gbẹ́ Ilé Bookshop kọjá, a ó sì yọ sí Maríná níbi tí Kàtídírà wà. Ọ̀nà yìí kì í ṣe ọ̀nà gígùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé pákó ìgbì gba inú ọjà Ìdúmọ̀tà ní òwúrọ̀ Sátidé yóò gbọ́ oríṣiríṣi. "Ẹ̀gbọ́n, èló ni pátákó ìlọṣọ yẹn?" "Ṣé ìyẹ́ bàlúù ni?" Ìyá kan tí ń ta bàtà dá wa dúró, wọ́n rọra fi ọwọ́ kan aṣọ tí a fi wé e, wọ́n sì bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ o, kì í ṣe pósí ọmọdé nìyẹn?" Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí a fi dé Maríná. Èmi kò rẹ́rìn-ín, n kò sì sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀.

Mo fẹ́ràn láti dúró díẹ̀ ní CMS kí a tó wọ ọkọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ orúkọ yìí gẹ́gẹ́ bí ibùdókọ̀ nìkan, ẹ rántí pé orúkọ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ni, Church Missionary Society, tí a dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1799. Wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ ní Erékùṣù yìí ní ọdún 1859. Ilé ẹ̀kọ́ náà kó lọ sí Bàrígà ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò kúrò níbí. Àwọn kọndọ́kítọ̀ ṣì ń pè é títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé rélùwéè tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Maríná ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ti mú kí ojú ibẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ọmọ ẹgbẹ́ yẹn náà ni Samuel Àjàyí Crowther, tí àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1843. Nígbà tí mo ń wá orúkọ fún àwọn ohun pẹlẹbẹ mẹ́ta tí ó yọ jáde lábẹ́ ìdí pákó ìgbì, tí òyìnbó fi orúkọ apá ẹja pè, inú Bíbélì Yorùbá ni mo ti rí i, nínú ìwé Léfítíkù, níbi tí a ti sọ irú ẹja tí ó tọ́ láti jẹ: èyí tí ó ní lẹbẹ àti ìpẹ́. Lẹbẹ! Mo dúró ní CMS, mo gbé lẹbẹ mẹ́ta sí èjìká, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn baba ìtumọ̀.

Ọkọ̀ ojú omi ni a ń háyà láti Maríná. Bí a ti ń lọ ni Àpápá yóò wà ní ọwọ́ ọ̀tún wa pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ ńláńlá rẹ̀. Ní ẹnu ibi tí ọ̀sà ti bá òkun pàdé, ògiri òkúta gígùn wà ní ìhà ìlà-oòrùn àti ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, tí ìjọba amúnisìn kọ́ láàárín ọdún 1908 sí 1912 kí iyanrìn má bàa dí ojú ọ̀nà ọkọ̀. Omi òkun wa máa ń ti iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Nígbà tí ògiri dínà, iyanrìn kó jọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, etí òkun Lighthouse sì ń fẹ̀ sí i. Ìhà kejì kò rí iyanrìn gbà mọ́, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach títí ó fi kù díẹ̀ kí ó jẹ ojú títì, kí wọ́n tó wá fi òkúta àti iyanrìn kọ́ Eko Atlantic síbẹ̀. Abẹ́ ògiri ìwọ̀-oòrùn ni Tarkwa Bay fara pamọ́ sí. Inú rẹ̀ tutù fún ọmọ ẹ̀kọ́. Bí o bá kọjá sí ìta, níbi tí kò sí ohun tí ó dí ọ lójú àti Àtìláńtíìkì, ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹni tí ó bá mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò rí i pé àwọn ilé ibẹ̀ kò pọ̀ tó bí wọ́n ti pọ̀ rí, láti ìgbà tí àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ọ̀pọ̀ olùgbé kúrò ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020. Àwọn ọmọ tí ń gun ìgbì kò jáwọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé àṣà àjèjì ni. Ní àwọn ọdún 1640, ará Jámánì kan, Michael Hemmersam, rí àwọn ọmọdé ní etíkun Góòlù, èyí tí í ṣe Gánà òde òní, tí àwọn òbí wọn so mọ́ pákó tí wọ́n sì jù sínú omi kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ní àwọn ọdún 1830, James Edward Alexander kọ̀wé nípa àwọn ọmọkùnrin Àkrà tí ń gbé pákó fẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ ikùn wọ inú òkun, tí wọ́n sì ń dúró de ìgbì. Nígbà tí fíìmù The Endless Summer jáde ní ọdún 1966, Èkó wà lára àwọn ibi tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì láti Califọ́níà ti gun ìgbì nínú rẹ̀. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n padà sórí pákó mi.

Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínṣì 8. Ìbú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 21, ó sì nípọn tó ínṣì 2 àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Imú rẹ̀ rí róbótó ju ti pákó àwọn ọ̀gá lọ, ó sì ká sókè díẹ̀ bí imú ọkọ̀ apẹja, kí ó má bàa gún omi nígbà tí ìgbì bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kún níwájú, ó wá tínínrín lẹ́yìn. Lẹbẹ mẹ́ta ni ó ní, ìlànà tí ará Ọsirélíà kan, Simon Anderson, mú gbajúmọ̀ nígbà tí ó fi irú pákó bẹ́ẹ̀ borí ní Bells Beach ní ọdún 1981. Inú rẹ̀ jẹ́ fóòmù funfun, irú èyí tí a fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí, tí a wá fi fáíbà àti résìn epoxy bò.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ó ṣe pàtàkì jù ni 45 tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ni lítà. Ẹni tí ó dàgbà sí etí ọ̀sà mọ̀ pé kẹ́ẹ̀gì òfìfo lítà 25 tí a dé pinpin lè mú ọmọdé léfòó. Pákó yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kẹ́ẹ̀gì méjì. Èmi wọn kílò 84. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wọn kílò 62. Ẹni tí ó wà ní ipele mi máa ń nílò lítà tí ó tó bí ìdajì kílò ara rẹ̀, ìyẹn bíi 42. Ọ̀gá kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ti tó o, nítorí pé pákó tí kò léfòó jù ni ó ń gbọ́ràn sí ẹsẹ̀ lẹ́nu. Fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ìyẹn jẹ́ bíi 25. Bí a bá ti ṣe ìṣirò yìí ní ọjọ́ tí a ń ná an, à bá ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí. Òyìnbó náà sọ̀rọ̀ nípa ìmọ̀, kò sọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀n ara. Èmi náà kò sì béèrè, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni ó ń sọ.

Ní oṣù Kejì, a kọ́kọ́ gbé e wọ inú Tarkwa Bay. Ìgbì kò ga ju orúnkún lọ. Ní ọjọ́ náà, bí ẹ bá bi mí, n ó ní kò sí pákó tí ó dára tó o láyé. Bí mo bá tu ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti bọ́ sínú ìgbì. Ó dúró ṣinṣin nígbà tí mo ń dìde, ó dárí ji ẹsẹ̀ mi tí ó ṣì ibi tí ó yẹ kí ó dúró, ó sì ń rìn lọ nígbà tí ìgbì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Lórí pákó tí mo ń yá lò tẹ́lẹ̀, bí mo bá gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni n ó dìde. Lórí èyí, mo dìde lẹ́ẹ̀mẹjọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gùn ún fún wákàtí kan, ó gbé e wá fún mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó dáa. Ó dáa fún yín." Mo mọ ohun tí ó ní lọ́kàn. Ó dà bí ìgbà tí a ní kí ọmọ yunifásítì wá ka Aláwìíyé Apá Kìn-ín-ní.

Ní oṣù Kẹrin a kọjá sí ìta, ìgbì sì ga tó àyà. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìwà pákó yìí dáadáa. Nítorí pé ó léfòó, ó tètè ń wọ inú ìgbì kí ojú ìgbì tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìyẹn sì fún ẹni bíi tèmi ní àkókò láti dìde kí ìpayà tó dé. Ṣùgbọ́n kò yí bí mo ti dúró ní àárín rẹ̀. Àfi kí n fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sẹ́yìn pátápátá, kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí lẹbẹ, ìgbà náà ni yóò tó gbọ́. Ó gbà mí ní Sátidé mẹ́ta kí n tó mọ èyí, mo sì dúpẹ́ pé ó kọ́ mi, nítorí pé pákó tí ó gùn ju èyí lọ ìbá ti jẹ́ kí n máa dúró gbọnrangandan lójú kan títí ayé. Ní ọwọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó yí, ó tilẹ̀ yí dáadáa, ṣùgbọ́n yíyí gbọọrọ, bí mólúè tí ń yí po ní ọ̀nà tóóró. Kò lè gun orí ìgbì kí ó sì já a wálẹ̀ wàrà bí ó ti máa ń ṣe lórí pákó ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ láti ojú òkun, àbùkù kejì ń yọjú. Pákó epoxy fúyẹ́, bí omi bá sì ti ń hó pákapàka, ó máa ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ọkàdà lórí ọ̀nà oníkòtò. Àwọn méjèèjì ni ó yọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n èmi ni ó máa ń jù. Ìmọ̀ràn mi ni kí ẹ tètè dé etí òkun kí oòrùn tó ràn. Oòrùn pàápàá kò dára fún un: bí a bá gbàgbé rẹ̀ sórí iyanrìn gbígbóná, ìda tí a fi pa á kí ẹsẹ̀ má yọ̀ yóò yọ́ dànù, atẹ́gùn inú fóòmù yóò sì máa wú.

Mo wá dé oṣù Kẹfà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ etíkun wa mọ̀ pé láti oṣù Karùn-ún lọ, ìjì tí ń jà ní ìsàlẹ̀ Àtìláńtíìkì lọ́hùn-ún ni ó ń rán ìgbì ńlá sí wa. Ní ọjọ́ náà, ìgbì ga ju orí ènìyàn lọ. Èmi kò wọ inú omi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wọ̀ ọ́. Nígbà tí ọ̀gá bá ń jáde lọ síbi tí ìgbì ti ń bẹ̀rẹ̀, tí ìgbì bá sì ń wó bọ̀ níwájú rẹ̀, yóò fi ọwọ́ àti orúnkún ti imú pákó rẹ̀ rì sínú omi, yóò gba abẹ́ ìgbì kọjá, yóò yọ ní ẹ̀yìn rẹ̀. Pẹ̀lú lítà 45, kílò 62 kò lè rì í. Ẹ gbìyànjú láti ti kẹ́ẹ̀gì òfìfo méjì wọ abẹ́ omi, ẹ ó rí i. Mo rí i tí ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, pákó já sókè. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ìgbì gbé òun àti pákó pọ̀, ó sì yí wọn dà sẹ́yìn sí ìhà ibi tí òkúta wà.

N kò rí orí rẹ̀. Mo rí ìdí pákó tí ó dúró lóòró lójú omi, tí okùn ẹsẹ̀ fà á sílẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹni tí okùn wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. N kò mọ ìdí tí mo fi ń kà. Mo ka ení, mo ka èjì, mo ti wọ inú omi dé ìbàdí nígbà tí mo ka ọ̀kànlá, orí rẹ̀ sì yọ. Ó di pákó mú, ó jẹ́ kí ìgbì tí ó tẹ̀lé e gbé e wá. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, ohun tí ó sọ ni pé, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti fọ́."

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fọ́ lóòótọ́, ibi tí ó fọ́ náà tó àtẹ́lẹwọ́. Èyí sì mú mi dé apá kan tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ó ń ra pákó bẹ́ẹ̀ ní Èkó mọ̀. Àwọn tí ń fi fáíbà tún ọkọ̀ ojú omi ṣe pọ̀ lọ́dọ̀ wa, mo sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀kan nínú wọn. Ó ní iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ó ti ń po résìn rẹ̀ nígbà tí mo ní kí ó kọ́kọ́ kán an sórí àjákù fóòmù tẹlifíṣọ̀n kan tí mo mú dání. Ó kán an. Fóòmù náà yọ́ lójú wa, ó dihò, ó sì wọlé ṣìnṣìn bí ṣúgà nínú tíì gbígbóná. Résìn polyester ni, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nítorí pé kò wọ́n. Ó dára fún ọkọ̀, ó sì dára fún pákó ìgbì àtijọ́ tí fóòmù inú rẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n májèlé ni fún fóòmù funfun yìí. Baálé ilé fáíbà náà ya ẹnu sílẹ̀, ó ní òun kò mọ̀ rí. Ọjà kẹ́míkà ní Ọjọ́tà ni a ti wá rí résìn epoxy rà. A fọ ojú ibẹ̀ ní omi tí kò níyọ̀, a jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ márùn-ún, a sì fi ọwọ́ ara wa dí i. Àpá náà kò lẹ́wà. Omi kò wọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn èyí a ṣe ohun kan tí ó yẹ kí a ti ṣe ṣáájú: a tú lẹbẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a sì yá àwọn tí ó kéré jù wọ́n lọ fi sí i. Ìyàtọ̀ rẹ̀ yà mí lẹ́nu. Ìdí pákó tú sílẹ̀, ó ń yí ní ọwọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni pé ó ti dín ínṣì mẹ́rin kù. Èmi ni ó wá ń yọ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, ìdájọ́ mi nìyí. Fún ẹni tí ó wà ní ipele mi, tí ara rẹ̀ sì tóbi díẹ̀, pákó yìí dára púpọ̀, yóò sì kọ́ ọ ní ohun tí yóò fi kúrò lórí rẹ̀ ní ọjọ́ iwájú. Ọ̀gá tí ó wọn kílò 80 lè gbádùn rẹ̀ nígbà tí ìgbì bá kéré, pàápàá nínú ọ̀gbẹlẹ̀, bí ó bá fi lẹbẹ kékeré sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí ó fúyẹ́, ní ìgbì oṣù Kẹfà, kò gbọdọ̀ gbé e jáde. Mo ti rí i, mo sì ti kà á dé ọ̀kànlá.

Mo dá ₦60,000 padà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi san án. Ọmọ náà kò kọ́kọ́ fẹ́ gbà á. Ó ní àwọn jọ gbádùn rẹ̀. Mo ní ìlérí ni. Ohun tí ó ṣòro ju owó lọ ni pé mo ní láti lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, kí n ṣàlàyé fún wọn pé ọmọ wọn nílò pákó tirẹ̀, pé òfin pákó kan ti fẹ́ bàjẹ́. Mo sọ ohun gbogbo, títí kan ọjọ́ òkúta. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ọ̀kànlá lo kà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Ó yá, èmi náà á bá yín lọ. Màá máa kà á fúnra mi."

Sátidé tó kọjá ni wọ́n bá wa rìn la Ìdúmọ̀tà kọjá, pákó méjì wá di ohun tí a ń gbé báyìí, tirẹ̀ kúrú, tokunbọ̀ ni, àwọ̀ rẹ̀ sì ti pọ́n. Ìyá oníbàtà tún dá wa dúró. Kí n tó la ẹnu, ẹ̀gbọ́n mi ti dáhùn pé, "Pákó ìgbì ni, màmá. Àwọn ọmọ mi ló ń gùn ún." Wọ́n jókòó sórí iyanrìn ní Tarkwa Bay lábẹ́ agboòrùn, wọ́n gbé bàtà àwa méjèèjì sórí ẹsẹ̀ wọn, wọn kò sì gbé ojú kúrò lórí omi títí a fi padà wọ ọkọ̀.